Oògùn Inú Agolo Bọ́tìnnì

Mọ́ńdè, ọjọ́ 1

Nọ́ọ̀sì ló fún mi ní ìwé yìí. Ó ní kí n máa kọ ọjọ́ tí mo bá lo oògùn sí i, kí n kọ bí ikọ́ náà ṣe ń ṣe mí, kí n má sì kọ ohun mìíràn. Ìyẹn ni pé ó ti gbọ́ nípa mi.

Ikọ́ ife ni wọ́n ní ó ń ṣe mí. Oṣù mẹ́fà ni oògùn rẹ̀. Hóró mẹ́ta láràárọ̀, lójú nọ́ọ̀sì, lójoojúmọ́ àfi Sọ́ńdè, tí Tíṣà ọmọ mi yóò dúró tì mí nílé. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ó rò pé màá da oògùn nù ni. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ gbé e mì." Láti òní lọ, Gbé-e-mì lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Ó tún ní kí ló dé tí bọ́tìnnì kẹta kò sí lára kóòtù mi, èmi tí mo ṣiṣẹ́ télọ̀ fún ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Mo ní eku ló gbé e lọ.

Wẹ́sìdè, ọjọ́ 3

Mo tọ̀ láàárọ̀ yìí, ó pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ pupa tó ń ṣí. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ fún Tíṣà. Sísọ́ọ̀sì ńlá fún Tíṣà. Ikọ́ fún aládùúgbò tó máa ń gbá ìdọ̀tí sí ẹnu ọ̀nà wa.

Gbé-e-mì ní oògùn ló ń pa á láró. Ìtọ̀, òógùn ara, omijé, gbogbo rẹ̀ ni yóò máa pọ́n títí n ó fi parí. Ó ní òun ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Sátidé, ọjọ́ 6

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, síbẹ̀ Tíṣà ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Ó ní afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá kòkòrò. Mo ní òtútù ni ọ̀tá arúgbó. Kò bá mi jiyàn, ó kàn ju bùláńkẹ́ẹ̀tì sí mi, ó lọ máa máàkì ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Obìnrin yẹn náà kì í jiyàn. Ohun tó bá fẹ́ ṣe ni yóò ṣe, wàá kàn rí i pé ó ti parí.

Oníbọ́tìnnì ni mo máa ń pe ìyàwó mi. Èmi ń gé, èmi ń rán, òun ló ń fi bọ́tìnnì sí i. Ẹ̀bá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ló máa ń jókòó sí, agolo bísíkíìtì tí bọ́tìnnì kún inú rẹ̀ á wà lórí itan rẹ̀. Bí kò bá dùn mọ́ ọn, á mi agolo náà. Mo mọ ìbínú rẹ̀ nípa bó ṣe ń dún.

Ọdún kejìlélógójì rèé tí ikọ́ mú un lọ. Gbogbo ẹbí ló ní kí n kó jáde nínú yàrá nígbà yẹn. N kò kó jáde. Ẹ̀yìn mọ́ ẹ̀yìn la jọ ń sùn títí ó fi lọ, nǹkan kan kò sì ṣe mí. Mo rò pé ìfẹ́ ni kò jẹ́ kó ràn mí. Kò sí ohun tí ọ̀dọ́ kì í rò.

Túsìdè, ọjọ́ 9

Ọmọbìnrin kan wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Yàrá àyẹ̀wò tó wà lẹ́yìn ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní bí n kò bá kọ̀, òun ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi díẹ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi, fún ìwádìí. Ó ti tó ogún ọdún tí obìnrin ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi kẹ́yìn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá ni.

Ó ka ìwé àdéhùn fún mi, ojú ewé méjì, ó sì ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀wù kòkòrò náà ni òun ń kọ́ nípa rẹ̀, àwọn purotéènì tó wà lára ẹ̀wù náà, àti ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ara wa. Ibi tó ti pe ẹ̀wù ni mo ti sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní ẹ̀wà àti ẹyin ni purotéènì tí èmi mọ̀, báwo ni kòkòrò ṣe ń wọ ẹ̀wà? Ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ sí imú. Ó ní kì í ṣe inú ìkòkò nìkan ni purotéènì wà. Òun ni ara fi ń rán nǹkan: èékánná mi, irun mi ìwọ̀nba tó kù, ẹ̀wù kòkòrò náà.

Mo fọwọ́ síwèé. Ó béèrè bọ́tìnnì kẹta. Mo ní mo gbé e mì nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó wo ojú mi. Onígíláàsì lorúkọ tirẹ̀.

Túsìdè, ọjọ́ 16

Onígíláàsì ya àwòrán fún mi sẹ́yìn káàdì oògùn. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí. Bí mo bá ṣì í, ẹ̀bi àwòrán rẹ̀ ni.

Kòkòrò náà á gba imú wọlé, á dé ẹ̀dọ̀fóró. Ṣọ́jà ara kan á rí i, á gbé e mì. Bí wọ́n ṣe ń pa kòkòrò nìyẹn: wọ́n á gbé e mì, wọ́n á da omi kíkan lé e lórí nínú ikùn, á yọ́. Ṣùgbọ́n èyí ní ohun tó wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Purotéènì kan wà níbẹ̀ bí bọ́tìnnì, tí yóò kan ọwọ́ ṣọ́jà náà, tí yóò ní kó fara balẹ̀, ará ilé ni òun. Ṣọ́jà á gbà, omi kíkan kò ní dé. Ẹni tó yẹ kó pa á ti di ilé tó ń gbé nìyẹn. Bọ́tìnnì mìíràn tún wà, tó jẹ́ pé ariwo ni ó ń pa ní tirẹ̀. Àwọn ṣọ́jà yòókù á rọ́ dé, wọ́n á mọ ògiri yí i ká. Kòkòrò á jókòó sínú ògiri, á sùn. Ó lè sùn fún ogójì ọdún, títí àwọn tó ń ṣọ́ ògiri á fi darúgbó.

Mo ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ ṣókí báyẹn.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa já àwọn bọ́tìnnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wo èyí tí kò ní sí tí àwọn ṣọ́jà á fi dá olè mọ̀. Bó bá rí i, ẹlòmíràn lè fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ iwájú.

Èmi náà sọ ìtàn tèmi fún un. Èmi ni mo ń rán aṣọ fún àwọn gáàdì ilé ìkẹ́rùsí nígbà kan. Ọkùnrin kan wá, ó ní kí n rán irú rẹ̀ fún òun, aṣọ kan náà, bọ́tìnnì kan náà. Mo rán an. Bí Oníbọ́tìnnì ṣe ń fi bọ́tìnnì sí i, ó ní ọkùnrin yìí kì í ṣe gáàdì. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní kò ná ọjà, iye tí mo pè ló san, gáàdì wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó rán bọ́tìnnì rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọkùnrin náà fi ń wọlé jí ẹrù kó. Àwọn gáàdì ń kí i, wọ́n ń fún un ní àga, wọ́n ń bù fún un nínú oúnjẹ wọn. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àwọn gan-an ló ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní ta ló rán aṣọ yìí, mo na ìka sí ìyàwó mi, ìyàwó mi na ìka sí mi.

Onígíláàsì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo délé tán, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 21

Ẹyin tún ti gbówó lórí. Tíṣà ní dandan ni kí n máa jẹ méjì lóòjọ́. Mo ní kó lọ sọ fún adìẹ.

Túsìdè, ọjọ́ 30

Wọ́n jẹ́ kí n fojú kan kòkòrò mi. Òkú ni, wọ́n ti pa á, wọ́n ti rẹ ẹ́ láró. Onígíláàsì gbé mi jókòó sídìí maikirosíkópù, ó ní kí n di ojú kan. Mo ní èwo nínú méjèèjì tí kò ríran.

Òwú pupa wẹ́wẹ́ ni mo rí lórí aṣọ búlúù. Wọ́n dùbúlẹ̀ wúruwùru bí iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìránṣọ. Mo retí ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà débi pé ó fọwọ́ kàn mí léjìká láti mọ̀ bóyá mo sùn.

Mọ́ńdè, ọjọ́ 57

Ìròyìn ayọ̀. Kò sí kòkòrò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi mọ́. Mo sanra díẹ̀, bẹ́líìtì mi ti padà sí ihò rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n yí oògùn padà, àmọ́ mẹ́ta náà ni. Gbé-e-mì ní kí n má tàn ara mi jẹ, àwọn tó kù ń sùn nínú ògiri, àwọn yẹn ni oṣù mẹ́rin tó kù wà fún. Ó gbà pé kí n bọ́ ìbòmú. Mo ní kó wo ẹwà tó ti ń pàdánù láti oṣù méjì.

Oòrùn ràn dáadáa, mo bá fẹsẹ̀ rìn lọ sí òpópónà ṣọ́ọ̀bù wa. Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ti kun ara ògiri, wọ́n ti yí ilẹ̀kùn padà, ṣùgbọ́n fèrèsé náà ṣì wà, ojú rẹ̀ ṣì ń wo ìlà oòrùn. Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ń wá nǹkan tó kéré nínú àwo kékeré kan lórí itan rẹ̀. Mo dúró pẹ́. Ó ní Bàbá, kí lẹ fẹ́ tún ṣe? Mo ní mo ń wo bóyá iná wà.

Mọ́ńdè, ọjọ́ 64

Onígíláàsì pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ní kòkòrò ní ìdílé, bí ènìyàn ṣe ní in, òun sì ti rí ìdílé tèmi. Ìdílé àtijọ́ ni. Kò sí irú rẹ̀ lára àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní ìlú yìí láti bí ọgbọ̀n ọdún. Nítorí náà kì í ṣe èèyàn òní ló kó o ràn mí. Ó ti pẹ́ nínú mi, inú ògiri ló ti ń sùn.

Ó ní, "Bàbá, ta ló ń húkọ́ nílé yín láyé ìgbà yẹn?"

Mo ní eku ni. Kò rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo ní mo ń lọ.

Òun nìyẹn. Oníbọ́tìnnì ló fún mi. Mo ti ń gbé e kiri nínú àyà mi fún ọdún méjìlélógójì, n kò mọ̀. Àwọn aṣọ rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ pín in. Fọ́tò kan ṣoṣo tó yà, omi òjò wọ inú férémù, ojú rẹ̀ ti di funfun. Ohùn rẹ̀, mo máa ń wá a, n kì í rí i. Mo rántí ọ̀rọ̀ tó sọ, n kò rántí bó ṣe ń dún. Nǹkan kan ló ṣẹ́kù tó ti ara rẹ̀ bọ́ sí ara mi, tó ṣì wà láàyè, èmi sì ń gbé hóró mẹ́ta mì láràárọ̀ kó lè kú.

Túsìdè, ọjọ́ 65

Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo fi kó pínnì sẹ́nu. Ọwọ́ méjì péré ni télọ̀ ní, ẹnu ni ọwọ́ kẹta rẹ̀. Mo lè kó pínnì mẹ́wàá sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì, kí n mu tíì, kí n bá oníbàárà ṣàwàdà, kí n kọrin, ọ̀kan kò ní gún mi, ọ̀kan kò sì ní lọ sọ́nà ọ̀fun.

Gbé-e-mì fún mi ní mẹ́ta. Mo mu omi kún ife. Mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ṣì ń han-run. Mo la ẹnu, mo gbé ahọ́n sókè, ó wò, ó ní ó dáa. Kò mọ̀ pé yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn eyín ìkẹyìn.

Mo jáde sẹ́yìn géètì, mo tu wọ́n sínú agolo Oníbọ́tìnnì, tí mo gbé wá nínú báàgì mi.

Tọ́sìdè, ọjọ́ 67

Mẹ́sàn-án.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 70

Wọ́n pe Tíṣà síbi tí wọ́n ti ń máàkì ìdánwò. Ó kó oògùn sínú sọ́sà fún mi, ó ní, "Bàbá mi, mo fọkàn tán yín o." Bó ṣe jáde ni mo kó wọn dà sínú agolo.

Mo wá da gbogbo agolo náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Bọ́tìnnì kẹta wà níbẹ̀, èyí tí mo sọ pé eku gbé. Ọ̀sẹ̀ tí Oníbọ́tìnnì lọ ló já lára kóòtù mi. Ó sọ ọ́ sínú agolo, ó ní tó bá di ọ̀la òun á rán an. N kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà, n kò sì fọwọ́ ara mi rán an.

Ìtọ̀ mi ti mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Ó jọ mí lójú pé mo ń wá àwọ̀ pupa yẹn.

Tọ́sìdè, ọjọ́ 74

Onígíláàsì ń sọ̀rọ̀ aláìsàn kan tó dá oògùn dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá. Ó ní èyí tí oògùn kò bá pa tán nínú kòkòrò, á kọ́ oògùn náà sórí. Bó bá padà jí, oògùn kò ní lè mú un mọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lára ẹni tó bá kó o ràn. Ó ní obìnrin kan tí òun àti aláìsàn náà jọ ń gbélé ni kòkòrò náà wọ̀ lára báyìí. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún, ó rẹ̀ ẹ́.

Mo yí ara padà lórí bẹ́ǹṣì, agolo dún nínú báàgì mi. Ó ní kí ló dún yẹn. Mo ní eegun arúgbó ni.

Mo húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní ìrọ̀lẹ́. Bóyá eruku ni.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 77

Màá kọ èyí bó ṣe rí.

Tíṣà gbé sọ́sà kalẹ̀ níwájú mi. Mo kó oògùn sẹ́nu, mo mu omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa ọ̀gá iléèwé wọn tó ṣi ṣòkòtò ìyàwó rẹ̀ wọ̀ lọ sí ìpàdé. Ìtàn náà kì í kùnà. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó yí tábìlì ká wá sọ́dọ̀ mi, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n mi.

Ó ní, "Tu pínnì yẹn sílẹ̀."

Bí oúnjẹ bá jinná ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ ọ́. Ọwọ́ lábẹ́ àgbọ̀n mi, láì gbé ohùn sókè, bí ẹni ń sọ fún ọmọdé kó tu òkúta sílẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni Tíṣà nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ. N kò mọ̀ pé ó kó ìyẹn pamọ́. Mo tu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i lọ́wọ́.

Ó wọlé, ó kó áńkáṣífù mi jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ oògùn ni omi tí òun fi ń fọ̀ wọ́n ti máa ń pọ́n. Ọjọ́ méjìlá rèé tó ti mọ́. Ó ti kà á. Tíṣà ìṣirò ni, kí ni mo rò. Ó ní òun dúró de Sọ́ńdè kí òun má bàa dójú tì mí lójú nọ́ọ̀sì.

Mo wá sọ fún un. Mo sọ ohun tí Onígíláàsì rí, mo sọ ti ìdílé àtijọ́, mo ní nǹkan ìyá rẹ ni, òun nìkan ló kù, n kò lè máa fi ọwọ́ ara mi pa á. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ síta ni mo ń gbọ́ bó ṣe rí.

Ó jókòó.

Ó ní, "Bàbá mi, èmi náà ní in."

Ó ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ oògùn ni wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́ sí apá láti yẹ òun wò, ojú abẹ́rẹ́ náà sì wú. Kòkòrò ń sùn nínú tirẹ̀ náà. Kò lè ran ẹnikẹ́ni bó ṣe ń sùn yẹn, ṣùgbọ́n ó ti ń gbé oògùn tirẹ̀ mì láràárọ̀ nínú kíṣìnnì, kó tó jí mi. Kò sọ fún mi nítorí pé ó mọ̀ pé màá di ẹ̀bi náà ru ara mi.

Mo ní, "Kò wá ṣe ọ́ bí i pé nǹkan ìyá rẹ ni?"

Ó ní, "Imú rẹ̀ ni mo gbé kiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ń rìn. Ohun tó pa á lẹ ń pè ní òun." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tí oògùn ti pa láró. "Ẹ sì máa ń sọ pé ohùn rẹ̀ ti sọ nù lọ́wọ́ yín. Kí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yẹn?"

Mo sunkún. Omijé mi mọ́ gaara, oògùn kankan kò sí nínú rẹ̀. Ó fi áńkáṣífù funfun kan nù mí lójú, ó fi hàn mí. Lẹ́yìn náà ó kó hóró mẹ́ta mìíràn síwájú mi. Mo gbé wọn mì. Ó fi ìka rẹ̀ wá inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí ẹni ń wá eegun ẹja lẹ́nu ọmọ, mo sì jẹ́ kó wá a.

Mọ́ńdè, ọjọ́ 78

Mo gbé agolo lọ bá Gbé-e-mì. Mo ṣa àwọn bọ́tìnnì sọ́tọ̀, mo ka oògùn síwájú rẹ̀, mẹ́rìndínlógójì. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Kò pa á. Ó jókòó, ó ń wo oògùn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kó pariwo.

Wọ́n tún gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi. Wọ́n máa gbìn ín bí ẹni gbin irúgbìn, wọ́n á wò bóyá nǹkan á hù. Bí ó bá hù, tó sì ti mọ oògùn, oògùn mìíràn ni, ọdún méjì ló lè gbà. Ọjọ́ méjìlá tí mo fi ṣeré, wọ́n ti so ó mọ́ ìparí oògùn mi.

Láti òní lọ, bí mo bá gbé oògùn mì tán, màá la ẹnu gbàgà, màá kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní òun ló máa mú orin.

Sátidé, ọjọ́ 83

Láti Mọ́ńdè ni ìtọ̀ ti tún ń pọ́n. Mo kí i káàbọ̀.

Túsìdè, ọjọ́ 100

Ooru pọ̀. Wọn ò tíì rí èsì. N kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà nípa ikọ́ mọ́. Bí Tíṣà bá húkọ́ ní yàrá kejì, títí tó fi tún mí dáadáa ni mo máa ń tẹ́tí. Èémí rẹ̀ ni mo ń gbọ́, mo ń rántí ẹ̀yìn tó gbóná mọ́ ẹ̀yìn mi.

Mọ́ńdè, ọjọ́ 120

Kò hù. Kò sí nǹkan kan tó hù. Gbé-e-mì ló sọ fún mi, ó sì fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Mo kọ orin tòní ní ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ní kí n jọ̀ọ́.

Tíṣà parí oògùn tirẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá sẹ́yìn, kò sọ fún mi. Wàá kàn rí i pé ó ti parí.

Wẹ́sìdè, ọjọ́ 143

Onígíláàsì sáré wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti já bọ́tìnnì kan lára ẹ̀wù kòkòrò náà, ó kó o fún àwọn ṣọ́jà inú ẹ̀jẹ̀ mi nínú àwo rẹ̀, wọ́n sì da omi kíkan lé e lórí. Wọ́n dá a mọ̀. Ó ní kí n má tíì yọ̀ jù, inú àwo ni, kì í ṣe inú ènìyàn, ó sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ń yọ̀, gíláàsì rẹ̀ wà ní òdì.

Mo ní ìyàwó mi náà, ìdí bọ́tìnnì ló wà nígbà tó dá olè mọ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún.

Mo bi í ibi tí kòkòrò náà wà báyìí. Ó ní fírísà ni, nínú ìgò tó tẹ́ẹ́rẹ́, nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ní á máa wà níbẹ̀ fún iṣẹ́.

Mo ní kò fẹ́ràn òtútù rí.

Ó wò mí. Ó ti mọ̀, ó ti tó oṣù méjì tó ti mọ̀. Ó ní òun á fi nǹkan wé ìgò náà.

Fúráìdè, ọjọ́ 180

Hóró mẹ́ta ìkẹyìn. Mo gbé e mì, mo la ẹnu, mo kọrin. Gbé-e-mì wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó wo ẹ̀yìn eyín ìkẹyìn tó ti mọ̀ báyìí. Ó fọwọ́ sí káàdì mi, ó gbé e pamọ́.

Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí kóòtù mi. Ó ní, "Bàbá, ta ló rán bọ́tìnnì kẹta?"

Mo wá irọ́, n kò rí. Mo ní èmi ni, lánàá, lẹ́bàá fèrèsé.

Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó ní ó wọ́ díẹ̀.

Mo ní ó wọ́ lóòótọ́. Nílé wa, kì í ṣe èmi ni mo máa ń rán bọ́tìnnì.